Alápàńdẹ̀dẹ̀ Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n Tí Bàbá Ràímì Rí

Bàbá mi àtàtà,

Mo parọ́ sínú ìwé yín. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ jáde kí ojú tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí, nítorí ó ti pé ọdún kan tí mo ti gbé e sẹ́nu bí ẹni gbé ẹ̀kọ gbígbóná sẹ́nu, kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu. Ìwé ẹlẹ́yìn líle yẹn, tí ẹ ti ń kọ ọjọ́ tí àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ bá dé àti ọjọ́ tí wọ́n bá lọ sí láti ìgbà tí ẹ ò tíì bí mi, èmi tí ẹ fi í lé lọ́wọ́ ni mo kọ irọ́ sí i. Kì í ṣe àṣìṣe. Mo mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mò ń kọ ọ́.

Mo mọ bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí ẹ bá gbọ́ irú èyí. Ẹ kì í pariwo. Ẹ ó bọ́ awò ojú yín, ẹ ó máa fi etí bùbá nù ún, ẹ ó máa nù ún títí ẹni tó ṣẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀. Torí náà ẹ jẹ́ kí n yára bẹ̀rẹ̀ tèmi.

Àmínà, ọmọ mi, kò bá yín láyé. Oyún rẹ̀ ló wà nínú mi nígbà tí ẹ lọ. Ó jọ yín níwájú orí, ó sì jọ yín nínú agídí. Lọ́dún tó kọjá, kò tíì pé ọdún kan, ibà kọlù ú lọ́sẹ̀ tí àwọn àlejò ń kóra jọ láti lọ. Mo ṣì ń fi orúkọ tí ẹ fún wọn pè wọ́n: àwọn onílé ni àwọn tó fi ẹrẹ̀ mọlé sábẹ́ òrùlé wa, tí wọn kì í rìnrìn àjò, àwọn àlejò ni àwọn ọlọ́fun pupa, onírù gígùn méjì, tó ń bá wa lo ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ wọ́n á pàdé lórí wáyà iná iwájú ilé wa, wọ́n á gbọnra, wọ́n á kọjá lórí ọ̀sà, ó di aṣálẹ̀, ó di òkè òkun. Gbogbo àsìkò ìlọ wọn yẹn, ọsibítù ni mo wà. A wọlé ní Túsìdè, a jáde ní Sátidé. Mi ò wòkè rárá ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Ihò imú ọmọ mi ni mò ń wò, bóyá ó ṣì ń mí.

Nígbà tí mo pọ̀n ọ́n gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa nírọ̀lẹ́ Sátidé, wáyà ti ṣófo. Mo yẹ fóònù wò. Àwọn tí ẹ jọ máa ń dúró létí ọ̀sà ní àárọ̀ Sọ́ńdè ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí Wọ́sáàpù lẹ́yìn tí ẹ lọ, Ẹ Wòkè ni wọ́n sọ ọ́. Ibẹ̀ ni kálukú ti ń sọ ohun tó rí. Ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé àwọn àlejò ti lọ. Ẹ mọ̀ pé wáyà tiwa ni wọ́n máa ń kúrò lórí rẹ̀ kẹ́yìn. Tí ilé Bàbá Télọ̀, bí wọ́n ṣe ń pe ilé yín, bá ti ní wọ́n lọ, wọ́n lọ nìyẹn.

Ẹ̀rù bà mí, Bàbá. Kì í ṣe àwọn èèyàn yẹn ló bà mí lẹ́rù, ìwé yín ni. Kò sí ọdún tó ṣófo níbẹ̀. Ọdún tí Màmá kú, ẹ kọ ọ́. Ọdún tí wọ́n là yín nínú, ẹ kọ ọ́, lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ. Ṣé ọdún kejì tí ìwé dé ọwọ́ mi ni yóò wá ṣófo? Mo mú báírò. Mo kọ Ọjọ́bọ̀. Mo fẹ́ kọ ogójì, mo wá rò ó pé ogójì á dà bí ìfojúdá, mo bá kọ mọ́kànlélógójì. Ẹ wo bí irọ́ ṣe ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ ọwọ́. Mo ya fọ́tò ojú ìwé náà, mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ṣe àdúà fún mi, wọ́n ní ọmọ Bàbá Télọ̀ ò já bàbá rẹ̀ kulẹ̀.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, bóyá ǹ bá má kọ lẹ́tà yìí.

Ní Sọ́ńdè, ọjọ́ kejì, Bàbá Ràímì kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Bàbá Ràímì yín, tó ń tún aago ṣe ní Ìdúmọ̀tà, tí ẹ̀yin méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ wíwo ẹyẹ nígbà tí ẹ ṣì ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní àwọn rí àlejò mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lórí wáyà ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí àdúgbò àwọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tíṣà, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì, dá wọn lóhùn pé ilé Bàbá Télọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n lọ, àwọn onílé ni Bàbá rí. Bàbá ní rárá, àwọn rí ọ̀fun pupa. Tíṣà ní bóyá irun ìpéǹpéjú ara wọn ni wọ́n kà, ó lè pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóòótọ́. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ń fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín ránṣẹ́.

Mo wà níbẹ̀. Mò ń kà á bó ṣe ń wọlé. Ìlà kan péré, kí n ní èmi ò sí nílé ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù: èmi náà fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín ránṣẹ́.

Bàbá Ràímì kọ ọ́ pé ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ọjọ́ ogbó ti dé. Wọn ò tún kọ nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ náà.

Wọn ò wá sétí ọ̀sà mọ́. Wọ́n kó awò ọ̀nà jíjìn wọn fún Tíṣà pé kí ẹgbẹ́ máa lò ó. Nígbà tó yá, mo gbọ́ pé wọ́n ti ń dá aago padà fún oníbàárà láìṣí i, pé kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tójú rẹ̀ dá. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó ń fi ojú jẹun, tí wọ́n mú kó gbà pé ojú òun ń parọ́ fún òun, kí ló kù fún un láti gbẹ́kẹ̀ lé? Nígbà tí àwẹ̀ ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ti pinnu pé tí a bá ti jẹ Ìtunu tán, wọn yóò ti ìsọ̀ náà pa, òun yóò wá mú wọn lọ sinmi.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé èmi ni. Mo gba àwẹ̀ ṣáá. Ẹnu mi gbẹ, irọ́ ò gbẹ nínú rẹ̀. Tí Àmínà bá wúkọ́ ẹ̀ẹ̀kan, ọkàn mi á sọ pé o ò rí i, ohun tí o ṣe ń bọ̀ wá bá ọmọ ẹ. Mo ti gbé e lọ rí dókítà nítorí ikọ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré, dókítà béèrè bóyá èmi gan-an ń sùn dáadáa. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní kí n fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹyẹ lásán ni, ta ló ń fi ẹyẹ rojọ́. Èèyàn dáadáa ni, ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò tíì bá yín dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè yẹn rí.

Èmi ti bá yín dúró. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń dá máṣíìnì dúró sáàárín ojú rírán, abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú aṣọ oníbàárà, tí ẹ ó fà mí lọ́wọ́ jáde. Ẹ ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì bíi lékeléke. Ẹ ó fa tẹ̀sùbáà yọ, ẹ ó máa fi ẹyẹ kan yí kóró kan. Màmá máa ń bínú pé ṣé nǹkan ìjọsìn lẹ fi ń ka ẹyẹ, ẹ ó ní àwọn náà ń yin Ọlọ́run, ẹ kàn ń bá wọn ka tiwọn ni. Tí ẹyẹ kan bá fò kí ẹ tó kà á dé, ẹ kì í fi kún un. Mo bẹ̀ yín nígbà kan pé kí ẹ fi kún un, èmi ti rí i. Ẹ ní ohun tí ojú yín ò bá rí, báírò yín ò ní mọ̀ ọ́n. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ṣé ẹ rántí? Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà.

Ọdún yìí, àwọn àlejò tún bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ. Ẹ Wòkè gbóná bí ọjà ọdún. Ìyá ẹlẹ́ja kan létí omi ní àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń sáré lórí ẹrẹ̀ ti sanra bí àgbò tí wọ́n ń sìn de iléyá, wọn ò ní pẹ́ gbéra. Ẹnì kan ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní àwòdì tó ń yí lórí ààtàn àwọn ti ku méjì. Èmi ń kọ tiwa: mẹ́sàn-án lórí wáyà, ọjọ́ kejì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọjọ́ kẹta ọgbọ̀n ó lé ẹyọ kan. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, mo kà á pẹ̀lú tẹ̀sùbáà yín. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ṣé ó dá mi lójú. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí lára.

A jẹ Ìtunu. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Tíṣà kọ ọ́ pé Bàbá Ràímì ń lọ sí Ìjẹ̀bú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí gbogbo wa pàdé ní Sọ́ńdè láti ṣe àdúà ìdágbére fún wọn. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé tí n kò bá lọ kí wọ́n tó di ẹrù wọn, mi ò ní lè lọ mọ́ láé.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo pọn Àmínà, mo já sí Ìdúmọ̀tà. Wọ́n ti kó ìdajì aago inú àpótí onígíláàsì wọn sínú páálí. Wọ́n rí mi, inú wọn dùn, wọ́n ní aago wo ló tún kú lọ́wọ́ ìyá Àmínà. Mo kúnlẹ̀ sáàárín àwọn tó ń kọjá. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ọsibítù, báírò, mọ́kànlélógójì, títí kan ojú tó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò dá ọsibítù lẹ́bi. Mo kàn sọ ọ́ bó ṣe rí.

Wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn. Àmínà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, wọ́n fún un ní okùn aago tó ti já, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè bóyá ohun tí àwọn kọ lọ́dún tó kọjá ṣì wà lórí fóònù mi. Mo ní ó yẹ kó wà. Wọ́n ní kí n wá a. Ó pẹ́ kí n tó rí i, mò ń fi ìka yí i lọ sókè, ẹyẹ odindi ọdún kan ń kọjá lójú mi. Nígbà tí mo rí i, wọ́n ní kí n kà á sókè. Mo kà á. Wọ́n ní kí n tún iye rẹ̀ kà. Mo ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Wọ́n wá ní, "Ojú òsì mi ló ń kú lọ, ìyá Àmínà. Mo mọ̀ ọ́n. Ojú ọ̀tún ni mo fi kà wọ́n, mo sì kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Odindi ọdún kan lo fi mú kí n máa fura sí ojú tó dá ṣáká."

Mo sunkún, Bàbá. Wọn ò ní kí n dákẹ́. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún tán. Lẹ́yìn náà wọ́n mú awò kékeré dúdú tí wọ́n fi ń wo inú aago, wọ́n há a sí ojú ọ̀tún, wọ́n fa aago obìnrin kan jáde nínú páálí, wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Láìgbé ojú sókè, wọ́n ní, "Kọ ọ́ sínú ìwé bàbá ẹ. Kọ orúkọ mi sí i. Tí o bá kọ ọ́ tán, lọ sọ fún wọn."

Mo ṣe é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò fa ojú ìwé ya. Mo fi ìlà kan gba àárín irọ́ mi kọjá, ó ṣì ṣeé kà, kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i mọ ohun tí mo ṣe. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Sọ́ńdè, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Bàbá Ràímì ló rí wọn. Lẹ́yìn náà mo gba ohùn mi sílẹ̀ fún ẹgbẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa á rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo fi ránṣẹ́, mo sì gbé fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí bí ẹni pé yóò bú gbàmù.

Kò bú. Ẹni Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ló kọ́kọ́ fọhùn, kò sì rọra sọ ọ́: ó ní láti òní lọ, tí mo bá ní oòrùn là, kí n mú ẹlẹ́rìí dání. Ó dùn mí. Kò parọ́. Mo dá a lóhùn pé màá mú ẹlẹ́rìí dání. Láàárọ̀ Sátidé, Tíṣà gbé awò ọ̀nà jíjìn lọ sí Ìdúmọ̀tà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìsọ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. Bàbá Ràímì ní kó dìde, kó sún mọ́ àwọn dáadáa, kó wá bá àwọn ka irun ìpéǹpéjú àwọn, nítorí iye rẹ̀ ò tíì dá àwọn lójú láti ọdún tó kọjá. Àwọn ọlọ́jà ìtòsí ò mọ ohun tó fà á, ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín títí, Tíṣà náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú.

A ò ṣe àdúà ìdágbére mọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè wa ni gbogbo wọn wá ní Sọ́ńdè. Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Àwọn àlejò kún orí wáyà, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bàbá Ràímì ń kà wọ́n ní méjìméjì lábẹ́ ẹ̀mí wọn, èmi ń yí tẹ̀sùbáà. Tiwọn jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́ta, tèmi jẹ́ mọ́kànléláàádọ́ta. À ń múra láti tún un kà, gbogbo wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n yí ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kọrí sí òdìkejì ọ̀sà. A ò rí wọn mọ́ láti ìgbà náà. Mo kọ iye méjèèjì sílẹ̀, mo kọ orúkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Ràímì ti sọ fún ọmọ wọn pé àwọn ń bọ̀ ní Ìjẹ̀bú kí dókítà wo ojú òsì, àwọn yóò sì padà kí oṣù tó parí. Wọ́n ti tú páálí. Mo gba Ìdúmọ̀tà kọjá lánàá, èèyàn mẹ́ta ń dúró gba aago wọn, Bàbá Ràímì ń pariwo lé wọn lórí pé aago kì í fẹ́ kánjúkánjú. Ìgbà tí mo gbọ́ ariwo yẹn ni mo tó mí kanlẹ̀. Àmínà wúkọ́ láàárọ̀ yìí. Mo fún un lómi mu, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Ẹ ò mọ bí ìyẹn ti tóbi tó fún mi.

Ó ku ohun kan, òun ló mú kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí. Lẹ́yìn tí àwọn ẹyẹ ti lọ, Tíṣà ní ṣé ìwé náà kò lè di ti gbogbo wa, kí ẹnikẹ́ni tó bá fojú ara rẹ̀ rí nǹkan máa kọ ọ́ síbẹ̀, kí ó sì fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ó ní tí gbogbo rẹ̀ bá wà lọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo, ọjọ́ tí ọmọ onítọ̀hún bá ń ṣàìsàn, kí ni ó fẹ́ ṣe? Bàbá Ràímì wò mí. Ó wù mí láti ní bẹ́ẹ̀ ni lójú ẹsẹ̀. Èjìká mi ń bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo ti fi báírò ṣe ohun tí ẹ ò rán mi rí, mi ò fẹ́ ṣe ìkejì. Mo sọ fún wọn pé màá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn yóò dúró.

Mo mọ ibi tí ẹ wà, Bàbá. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ ti dá mi lóhùn lójú àlá rí, ẹ sì ti dá mi lóhùn nígbà kan tí mò ń lọ ata. Ṣé kí n ṣí ìwé náà fún wọn? Ṣé ẹ ti dárí jì mí? Bàbá Ràímì ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ṣẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀ lọ́nà, àwọn àlejò á tún dé, àwọn ẹgbẹ́ á sì béèrè lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń ṣàárò yín láàárọ̀, lọ́sàn-án.